Ilé Tí Kò Ní Pọ́táyì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Adizatou ti dín mọ́sà kún abọ́ ńlá. Ó gbé e káàkiri àdúgbò, láti ilé alufáà títí dé ọ̀dọ̀ aránṣọ. Ohun kan náà ló ń sọ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ gba sàárà. Fadilatou mi ń rìnrìn-àjò lónìí. Ẹ bá wa ṣàdúrà."

Wọ́n gbà á, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣàdúrà. Alufáà ní kí Ọlọ́run la ọ̀nà fún un. Aránṣọ ní kó má gbàgbé òun tó bá di olówó. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ, abọ́ ti ṣófo, gbogbo àdúgbò Dowa ní Àjàṣẹ́ sì ti mọ̀ pé ọmọ Liamidi ń lọ ṣe iṣẹ́ ilé ní ilẹ̀ Lárúbáwá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì sọ pé òun ń lọ. Fadilatou ni.

Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀ ti ìkòkò irin kan. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, ẹ̀yinná wà lórí ọmọrí rẹ̀. Búrẹ́dì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sì pọ̀ nínú búrẹ́dì náà ju ti àlìkámà lọ. Èéfín bò ó lójú. Ó ń kọrin.

"Fadila!" ni ìyá rẹ̀ pè é. "Táńtì Roukaya tó máa mú ọ lọ á dé lẹ́yìn ìrun aílà. Àpò rẹ dà?"

"Ó wà nínú yàrá, Ìyá."

"Kí lo kó sínú rẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́."

Adizatou gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti kúrò lọ́mọdé. Ó ti kàwé gboyè ní yunifásítì, ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ irè oko di oúnjẹ títà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri, nínú férémù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́ síbẹ̀, eruku nìkan ló ń wá wò ó.

Adizatou kọjá lọ síwájú ilé.

Liamidi ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń to irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni jíjó irin mọ́ irin. Ilẹ̀kùn ńlá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní pọ́táyì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ ilé kan bá ti lọ sí òkè òkun, tí nǹkan kékeré kan sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, Liamidi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ti Ìyá Sikirou tó wà ní òdìkejì òpópónà jẹ́ búlúù, ìràwọ̀ méjì ló wà lórí rẹ̀. Ti ilé tó tẹ̀ lé e ní òdòdó irin. Ilé Liamidi fúnra rẹ̀ kò ní pọ́táyì. Páànù ògbólógbòó kan ni wọ́n fi wáyà so mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì máa ń ké bí ewúrẹ́ bí wọ́n bá tì í.

Kì í ṣe pé wọn ò ní rárá. Tiwọn fẹ̀yìn ti ògiri nínú àtíbàbà. Irin tó ṣẹ́kù lára pọ́táyì àwọn ẹlòmíràn ni Liamidi kó jọ títí tó fi tó ṣe é. Adizatou ló bẹ̀ ẹ́. Ó ku ọ̀dà, ó ku ìràwọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, àmọ́ gbogbo ilé mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbé e nàró.

"Bàbá Fadila, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Kò kó ẹrù. Ó ń dáná."

"Ẹni tó ń dáná ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Mo ti pín sàárà!"

"Mo rí i. Mo jẹ níbẹ̀. Ó dùn."

"Ṣé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá." Liamidi gbé irin kan lé orí èkejì. "Ṣé o bi í kí o tó dín in?"

Adizatou mú ìgbálẹ̀. Ó gbá ibi tí ó ti gbá láàárọ̀.

Nígbà tí òórùn búrẹ́dì dé iwájú ilé, àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn. Fadilatou ṣí ọmọrí. Apá kan búrẹ́dì pọ́n dáadáa. Apá kejì dúdú bí ìdí ìkòkò. Àárín rẹ̀ rọ̀ jù.

"Tìtorí èyí ni o ò ṣe kó ẹrù?" ni Adizatou wí.

"Ìkòkò ni, Ìyá. Ooru rẹ̀ ò dọ́gba. Ìyẹ̀fun ò jẹ̀bi."

"Ìkòkò jẹ̀bi, ìyẹ̀fun ò jẹ̀bi. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà jẹ̀bi díẹ̀."

Liamidi bẹ̀rẹ̀, ó bu apá tó jóná. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún bu òmíràn, apá tó jóná náà ni.

"Bàbá, ibi tó dáa wà níhìn-ín."

"Mo rí i. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún àlejò." Ó nu ẹnu. "Fadila, kí lo fẹ́ fi ayé rẹ ṣe?"

Fadilatou kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀.

"Mo fẹ́ kí gbogbo Àjàṣẹ́ máa jẹ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́, Bàbá. Ẹ̀gẹ́ Avrankou. Ó ń jẹrà níbẹ̀ lọ́dọọdún, àwa sì ń jẹ ìyẹ̀fun tó ti òkun wá. Mo fẹ́ kó dé gbogbo ilé láràárọ̀, kó sì dé Kútọnu. Mo fẹ́ gba àwọn ọmọ tó gboyè tó jókòó sílé bíi tèmi síṣẹ́. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run sí i."

"Gbogbo Àjàṣẹ́!" Adizatou pàtẹ́wọ́. "Pẹ̀lú ìkòkò kan!"

"Ìkòkò kan ni mo ní, Ìyá."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń tún ilé ìyá wọn ṣe."

"Aïssatou jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ilé ìwẹ̀ àwọn ẹlòmíì ló ń fọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ọjọ́ tó dé ni wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Adizatou mọ Aïssatou. Ilé yìí ló ti ń jẹun nígbà tí òun àti Fadilatou jọ ń kàwé. Adizatou tún da omi kún kẹ́tùlù tí omi ti kún tẹ́lẹ̀.

"Kò burú," ni ó wí nígbà tó yá. "O fẹ́ bọ́ gbogbo ìlú. Ta ló máa rà á?"

"Ọlọ́run tí a ń bẹ̀ pé kó ràn án lọ́wọ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀," ni Liamidi dáhùn, "ṣé kò gbọ́ èdè Dowa ni?"

Adizatou gbé kẹ́tùlù náà sílẹ̀. Fadilatou ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó po ìyẹ̀fun tó kù, ó gbé e sínú ìkòkò. Liamidi lọ sí àtíbàbà, ó mú páànù pẹlẹbẹ kan wá. Ó tẹ̀ ẹ́ yí ìkòkò ká kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ iná sápá kan. Ó fi òkúta tì í nísàlẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Fadilatou wo páànù náà, ó wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń yan búrẹ́dì ní ẹ̀yìnkùlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí bàbá rẹ̀ máa fọwọ́ kan ìdáná rẹ̀.

Páànù ẹnu ọ̀nà ké. Ìyá Sikirou wọlé, ó fọwọ́ bo imú.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé ẹ fẹ́ jó wa mọ́lé ni? Mo rò pé mọ́tò ló ń jóná lójú títì!"

"Búrẹ́dì ni, Ìyá Sikirou," ni Fadilatou wí. "Ẹ tọ́ ọ wò."

Ìyá Sikirou yan ibi tó dáa. Ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó tún jẹ ẹ́.

"Ọwọ́ kejì mi wá tọrọ tirẹ̀," ni ó wí, ó sì bu òmíràn. "Adùn rẹ̀ ò ní àbùkù. Ẹ̀bá rẹ̀ nìkan ni èèyàn máa fi eyín sọfà níbẹ̀. Fadila, nígbà tí o bá dé ọ̀hún, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o máa ṣe irú èyí?"

Fadilatou ti igi sínú iná, Adizatou ń wo ilẹ̀.

"Kí ló dé? Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ. Ó yẹ kẹ́ ẹ máa jó. Ẹ wo pọ́táyì mi bó ṣe ń dán. Ọwọ́ yín náà ló ṣe é, Bàbá Fadila. Láìpẹ́ tiyín náà á dúró."

Liamidi ti jáde láti àtíbàbà. Ó jókòó sórí àpótí.

"Ìyá Sikirou, Sikirou ńkọ́?"

"Ó wà. A dúpẹ́."

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kó ráyè. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀gá wọn níbẹ̀ le."

"Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ gbẹ̀yìn?"

Ìyá Sikirou wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. "Ṣáájú ààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ ọdún yìí?"

Ìyá Sikirou ń já búrẹ́dì wẹ́wẹ́, kò gbé e sẹ́nu. Adìyẹ kan wá ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ń wo adìyẹ náà.

"Pọ́táyì yẹn dára," ni ó wí níkẹyìn. "Ó lágbára. Àmọ́ bí mo bá tì í lálẹ́, èmi nìkan ni mo ń tì mọ́lé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín wọn ti pọ̀ jù.

Adizatou jókòó. Láti òwúrọ̀, kò tíì jókòó. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń kó eérú.

"Fadila."

"Ìyá."

"Ṣé o fẹ́ lọ?"

"Mi ò fẹ́ lọ, Ìyá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Nígbà tí mo jí tí mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ ti ń dín mọ́sà."

Ìyá Sikirou bú sẹ́rìn-ín. Liamidi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tètè pa á mọ́. Adizatou nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Sàárà ńkọ́? Wọ́n ti jẹ ẹ́. Àdúrà ti gòkè. Ojú wo ni mo máa fi wo alufáà?"

"Èmi gbàdúrà ìrìn-àjò ní tèmi," ni Ìyá Sikirou wí, "mi ò sì ní gbà á padà. Mọ́sà yẹn ti dà nínú mi."

"Ẹ má gbà á padà," ni Liamidi wí. "Fadila ń lọ sí Avrankou lọ́la, ó ń lọ wo ẹ̀gẹ́. Òjò ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́, alùpùpù zẹ́mì ń ṣubú níbẹ̀. Àdúrà ẹsẹ̀ ire máa wúlò."

Fadilatou gbójú sókè. "Lọ́la, Bàbá?"

"Àbí ìkòkò yẹn fẹ́ bọ́ Àjàṣẹ́ láìsí ẹ̀gẹ́?"

Ó dìde, ó wọ inú àtíbàbà. Wọ́n gbọ́ tí irin ń fa lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí Adizatou dé ibẹ̀, pọ́táyì wọn ti wà nílẹ̀ gbalaja, wáyà iná ti wà lọ́wọ́ Liamidi.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Búrẹ́dì yẹn fẹ́ ààrò. Ooru ààrò irin máa ń dọ́gba. Irin tó tó ò sí níbòmíràn."

"Pọ́táyì mi?"

"Tìrẹ ni. Ìdí nìyí tí mi ò tíì fi gé e." Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n gé e?"

Adizatou bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí ìràwọ̀ ì bá wà. Ó ti yan àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, kó má baà jọ ti Ìyá Sikirou.

Fèrè mọ́tò dún níta.

Adizatou ló jáde. Roukaya ti bọ́ sílẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá Adizatou. Òun ló ń mú àwọn ọmọbìnrin gba ibodè Kraké kọjá lọ sí pápákọ̀ òfurufú Èkó. Bàtà rẹ̀ ń dán, òórùn dáadáa ń bọ̀ lára rẹ̀. Awakọ̀ ò pa mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ọmọ dà? Ọ̀nà Kraké ò dúró de ẹnikẹ́ni, ká tètè máa lọ."

Adizatou fi ọwọ́ kan di páànù ẹnu ọ̀nà mú.

"Kò lọ mọ́, Roukaya."

"Kí lẹ wí?"

"Mo bi í. Ó ní òun ò fẹ́. Ó yẹ kí n ti bi í tipẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti pín sàárà! Gbogbo Dowa ló ti jẹ ẹ́!"

"Mọ́sà ni wọ́n jẹ. Wọn ò jẹ ọmọ mi."

Roukaya tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Kí ló fẹ́ máa ṣe níbí? Ẹ fẹ́ máa wo ojú ara yín?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì kí ni?"

"Ti ẹ̀gẹ́." Adizatou gbé àyà sókè. "Gbogbo Àjàṣẹ́ ló máa jẹ ẹ́. Kútọnu náà."

Nínú ilé, Fadilatou gbọ́ ọ. Ó jókòó sílẹ̀ ní ibi tó wà.

Roukaya rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Kò burú. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹlòmíràn ti gba àyè rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn nígbà míì."

Páànù ké. Liamidi ti wá dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Òòlù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e sókè, kò sì gbé e sílẹ̀. Roukaya ṣí àpò rẹ̀, ó wá ìwé ìrìnnà náà, ó rí i kíákíá, ó sì nà án sí Adizatou.

Àwọn ọmọbìnrin méjì wà ní ẹ̀yìn mọ́tò. Àpò kékeré wà lórí itan wọn. Fadilatou jáde, búrẹ́dì kejì wà nínú ìnujú lọ́wọ́ rẹ̀. Páànù bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́: búrẹ́dì yìí pọ́n yí ká, ẹ̀bá kékeré kan ló dúdú. Ó nà án wọlé láti ojú fèrèsé.

"Ẹ gbà. Ó ṣì gbóná."

Èyí tó sún mọ́ fèrèsé bu díẹ̀. "Kí lẹ fi ṣe é?"

"Ẹ̀gẹ́ Avrankou."

Ọmọbìnrin náà dẹ́kun jíjẹ. "Ibẹ̀ ni mo ti wá. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi ń gbìn. Kò rí ẹni rà á."

"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Ẹ béèrè Ìyá Ọlẹ́wà lọ́jà. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Èmi ni Ọlẹ́wà."

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ?"

Ọlẹ́wà wo ẹ̀yìn orí Roukaya tó ń wọlé sí iwájú mọ́tò. "Wọ́n ti pín sàárà tèmi lánàá," ni ó wí.

Mọ́tò ṣí. Fadilatou sáré tẹ̀ lé e díẹ̀, ó ń pe nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ fún un. Ọlẹ́wà ń mi orí, ẹnu rẹ̀ ń tún un pè. Mọ́tò yà sí ọ̀nà Kraké. Wọ́n dúró lójú títì, Adizatou, Liamidi, Ìyá Sikirou àti Fadilatou. Eruku wálẹ̀.

Adizatou ló kọ́kọ́ yí padà. Ó gba àárín wọn kọjá wọnú àtíbàbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí kan pọ́táyì mú.

"Bàbá Fadila, ẹ wá. Ẹni tó fẹ́ gé irin kì í dúró lójú títì."

Liamidi wá. Ó mú okùn ìwọ̀n.

"Fadila, báwo ni kí ààrò náà ṣe tóbi tó?"

Fadilatou ń nu ojú. "Ẹ ṣe kékeré, Bàbá. Èyí tó máa tó Dowa ná."

Liamidi dá okùn náà dúró lọ́wọ́. "Láàárọ̀, kí lo sọ?"

"Mo ní gbogbo Àjàṣẹ́."

"Ṣé o ti gba ọ̀rọ̀ rẹ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Èmi kọ́ ni màá wá gé e kúrú fún ọ." Ó na okùn náà láti etí kan pọ́táyì dé etí kejì. Adizatou tẹ ìka rẹ̀ mọ́ ìdí okùn kó má yẹ̀. Liamidi fi ẹfun sàmì sí i. Ó fi awò bojú. "Ẹ yíjú."

Iná tàn. Irin ké, ó sì já.

Ìyá Sikirou ti yíjú sẹ́yìn, ó sì ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ ọ. "Ẹ gé pọ́táyì, ó dáa! Kí lẹ máa fi ti ilé yín?"

Liamidi ṣí awò ojú.

"A ò ní tì í. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ra búrẹ́dì máa gbà wọlé."

Ìyá Sikirou rẹ́rìn-ín. Ó mú búrẹ́dì tó kù, ó fi sábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ó ní òun ti rà á, wọn ò kàn tíì ṣírò ni. Ó ti páànù, páànù ké, ó jáde. Ó rìn díẹ̀, ó ronú, ó padà wá. Ó gbé páànù náà kúrò lára wáyà, ó fi ti ògiri, ó sì lọ sílé.